Epo Dúdú Lára Tèmiyémi

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí: kò sí ẹni tó mọ ajá tó mi ní gbogbo àdúgbò ilé-iṣẹ́ Ṣàngó-Ọ̀tà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣì ń sọ ọ́ lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ kan wà tí ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun. Ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, Faransé sì ni wọ́n fi kọ́ mi, nítorí Kétu ni wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Yorùbá tí mo ń kọ yìí, inú Bíbélì ni mo ti fúnra mi kọ́ ọ. Ẹni tó bá rí àṣìṣe níbẹ̀, kó lọ kọ tirẹ̀.

Ọdẹ ni bàbá mi. Ajá mẹ́rin, márùn-ún ló máa ń tẹ̀ lé e wọ igbó. Mo ti ń jókòó láàárín ajá kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó láàárín ènìyàn.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Ọ̀tà kì í ṣe ariwo irin, kì í sì ṣe eruku tírélà. Ìkíni ni. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dúró ní géètì ilé-iṣẹ́ irin tó gbà mí síṣẹ́, mo múra láti kí gbogbo ẹni tó bá wọlé bí a ṣe ń kí ènìyàn nílé: ẹ káàárọ̀, ṣé dáadáa lẹ jí, ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́. Àwọn ènìyàn ń rọ́ wọlé bí èèrà tí òjò ká mọ́ta. Mo kí, mo kí, ẹnu mi gbẹ. Ẹni méjì ló dáhùn. Ọ̀kan ní, “Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ kí n pẹ́ síbi iṣẹ́ ni?” Ẹnì kejì ni Baba Ràfíù.

Baba Ràfíù ni olórí àwa tí à ń ṣọ́ géètì. Ọmọ bíbí Ọ̀tà ni, Mùsùlùmí tí kì í jẹ́ kí ìrun kan fo òun, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bí òwú. Ó gbọ́ ohùn mi lẹ́ẹ̀kan péré.

“Ẹ̀n-ẹ́n! Àgànyìn lèyí o! Bọ̀ǹjúù, Àgànyìn!”

“Yorùbá ni mí, Baba.”

“Mo gbọ́. Yorùbá tí wọ́n lu òǹtẹ̀ Faransé mọ́ lẹ́yìn.”

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò rẹ́rìn-ín. Àgànyìn ni wọ́n ń pe ẹnikẹ́ni tó bá ti apá ibẹ̀ yẹn wá, wọn kì í béèrè ìlú. Ní Kétu, ọmọ Kétu ni mí, kò sí ẹni tó ń bi mí ní ìbéèrè kejì. Mo rin ìrìn tí kò tó ọjọ́ kan, mo bá àwọn tó ń sọ èdè mi, mo wá di àlejò láàárín wọn. Ká ní èdè wọn kò yé mi ni, ì bá sàn. Gbogbo yẹ̀yẹ́ tí wọ́n ń fi mí ṣe ló ń yé mi.

Ìyàwó mi pè mí ní ọ̀sẹ̀ yẹn. “Iṣẹ́ wo gan-an lẹ ń ṣe níbẹ̀?”

“Ọ̀gá ni mo jẹ́.”

“Ọ̀gá àwọn wo?”

Mo bojú wo ọ̀ọ́kán. “Àwọn tó wà lábẹ́ mi kò ṣe é fojú rénà.”

Ajá kan ṣoṣo ni.

Ajá náà wà níbi tí wọ́n ń kó àwọn àgbá òfìfo sí. Ṣéènì ni wọ́n fi dè é mọ́ òpó nínú oòrùn, ike omi rẹ̀ ti gbẹ, èéhù ti yọ sí ìdí rẹ̀. Ajá ńlá ni, àdàlù tòyìnbó àti tibílẹ̀, etí rẹ̀ òsì ya. Bíńgò ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n ṣe máa ń pe gbogbo ajá tí kò ní ẹni tó jókòó ro orúkọ fún un. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, ó gbó títí ohùn rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ há. Mi ò wò ó lójú. Mo kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo dákẹ́. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti gbé imú rẹ̀ lé mi léjìká. Kò béèrè ibi tí mo ti wá.

Nílé wa, a kì í sọ ajá lórúkọ lásán. Ohun tí ènìyàn kò bá lè dojú kọ aládùúgbò sọ, ajá là ń fi rán. Mo sọ ọ́ ní Tèmiyémi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró sẹ́nu géètì, mo pè é kíkan-kíkan: “Tèmiyémi! Tèmiyémi o!”

Baba Ràfíù gbé tẹ́sùbáà rẹ̀ sílẹ̀. “Ta lò ń bá wí?”

“Ajá ni mò ń pè, Baba.”

“Mo mọ̀ pé ajá lò ń pè. Mo ní ta lò ń bá wí?”

Láti ọjọ́ náà, ogun abẹ́lẹ̀ ti wà láàárín wa. Kì í jẹ́ kí ajá náà sún mọ́ aṣọ òun, nítorí itọ́ ajá kò bá ìrun rẹ̀ mu. Ó ní rọ́bà omi àlùwàlá kan, aláwọ̀ búlúù, tó ní ìdérí, nínú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìṣọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki ife bọ̀ ọ́. Ajá mi kò sì gbọdọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ajá nílé, ẹ tẹ́tí, nítorí ohun tí mo mọ̀, mo mọ̀ ọ́n. Mo dá àgbá kan dùbúlẹ̀, mo gé ẹnu rẹ̀, mo fi òòlù tẹ etí rẹ̀ kó má baà gé e, mo gbé e sábẹ́ òjìji, mo tẹ́ àpò sínú rẹ̀. Ajá tí kò bá ní òjìji, ẹ má retí ìwà pẹ̀lẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Omi tútù lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ẹ sì fọ ike náà, ẹ má kàn bu omi lé omi. Ẹ má so ó mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ di àṣálẹ́. Láàárọ̀ ni kí ẹ mú un rìn, kí ọ̀dà ojú títì tó gbóná. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín kan ọ̀dà náà, bí ẹ kò bá lè fi í síbẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá kò lè gbà á. Egungun adìyẹ tí wọ́n ti sè máa ń ya bí abẹ́rẹ́ nínú ọ̀fun rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún ààtàn. Ẹ máa yẹ inú etí rẹ̀ àti àárín ọmọ ìka rẹ̀ wò, ibẹ̀ ni eégbọn ń sá sí. Bó bá ń jẹun, ẹ fi í sílẹ̀, bí ẹ̀yin náà kò ṣe ní fẹ́ kí wọ́n na ọwọ́ sí àwo yín.

Lóṣù méjì, ara rẹ̀ ti ń dán. Màdáàmù tó ni ilé-iṣẹ́ dúró wò ó láti inú ọkọ̀.

“Ẹ ṣeun o,” ló wí. “Dókítà ẹran kan wà tó ń gún un ní abẹ́rẹ́ kó má baà di dìgbòlugi. Káàdì rẹ̀ nìyí, nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí nǹkan kan bá ṣe é, ẹ pè é.”

Mo gba káàdì náà. “Mà, dókítà ti wà lẹ́nu géètì yín.”

Mo fi í há ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà inú ilé ìṣọ́.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kúrùnà mú un. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí etí, irun ń já, awọ ara rẹ̀ ń pọ́n, ó sì ń họra títí ẹ̀jẹ̀ fi ń yọ. Mo fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́, kò lọ. Àìsàn náà sọ̀kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó dé ìdí ìrù. Lọ́jọ́ Fúráìdé, Màdáàmù sọ gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ kalẹ̀. Kò pariwo. Ẹni tí kì í pariwo ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

“Àwọn àlejò ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mi ò fẹ́ kí wọ́n bá ajá oníkúrùnà ní géètì mi. Bí ara rẹ̀ kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ sí í yá, màá ní kí wọ́n wá gbé e lọ.” Ó tún wo ajá náà. “Nítorí ajá ni mo sì ṣe gbà yín.”

Gbé e lọ síbo? Mo mọ ibi tí wọ́n ń gbé ajá tí wọn kò fẹ́ mọ́ lọ, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Àtajá àtèmi, òpin ti dé bá wa.

“Ẹ fi ọkàn balẹ̀, mà,” ni mo wí. “Oògùn bàbá mi wà lọ́wọ́ mi. Kí Mọ́ńdè tó dé, ẹ ó rí i.”

Oògùn wo? Epo dúdú. Ẹni tó bá ń gbé àdúgbò yìí kò ní béèrè. Bí wọ́n bá pààrọ̀ epo jẹnẹrétọ̀, èyí tó ti jóná tí wọ́n tú jáde, ẹni tí ajá rẹ̀ ní kúrùnà á bu díẹ̀. Mo ti rí i lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, mo ti rí i níbi táyà. Ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn pé bàbá mi ló kọ́ mi, mo sọ ọ́ títí èmi fúnra mi fi gbà á gbọ́.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo fi àkísà ra epo náà sí i lára láti orí dé ìrù. Ó dúró fún mi. Ó ń gbọ̀n, àmọ́ ó dúró, nítorí pé ọwọ́ mi ni. Baba Ràfíù wò mí láti òkèèrè.

“Ṣé kì í ta á lára?”

“Baba, ẹ jẹ́ kí onímọ̀ ṣiṣẹ́ rẹ̀.”

Àwọn tó ń di irin sọ́kọ̀ ń bẹ níbẹ̀, mo sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́.

Kò tó wákàtí méjì. Mo ń kọ nọ́ńbà tírélà kan sílẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ikọ́. Mo yíjú padà, mo rí i pé gbogbo ìhà rẹ̀ ọ̀tún ti mọ́, ó ti lá a. Ètè rẹ̀ dúdú. Ó tún húkọ́, ó bi ìfófòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ẹ̀yìn yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Mo pe orúkọ rẹ̀. Ìrù rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan, kò lè dìde.

Àwọn tó ń di irin rọ́ wá.

“Epo pupa! Ẹ rọ epo pupa sí i lẹ́nu!”

“Mílíìkì ni o, epo kọ́!”

“Ẹ fi í sílẹ̀, ó ti lọ nìyẹn.”

Ẹnìkan ti gbé ìgò epo pupa lé mi lọ́wọ́. Mo fi ọwọ́ òsì la ẹnu ajá náà, mo fi tọ̀tún gbé ìgò. Eyín rẹ̀ wà lórí ìka mi, kò gé mi jẹ. Mo ti tẹ ìgò náà, epo ti dé ẹnu ìgò.

“Dúró!”

Baba Ràfíù ni. Ó dúró lẹ́yìn mi, kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ, ibi tó sún mọ́ ajá jù láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n.

“Àgànyìn, mo bi ọ́ ní ìbéèrè kan. Ṣé o mọ ohun tó o fẹ́ ṣe yìí?”

Gbogbo wọn ń wò mí. Ajá pàápàá ń wò mí. Mo ti lo ọdún kan ó lé ní Ọ̀tà, mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ jáde lẹ́nu mi yìí fún ẹnikẹ́ni rí.

“Mi ò mọ̀.”

“Ó dáa,” ni Baba Ràfíù wí. “Ó ti tán. Gbé ìgò yẹn sílẹ̀. Káàdì tí wọ́n fún ọ dà?”

Mo sáré wọ ilé ìṣọ́, mo fa kàlẹ́ńdà já. Ọwọ́ mi dọ̀tí fún epo, nọ́ńbà ń kú mọ́ mi lójú. Baba Ràfíù gba káàdì, ó fi gíláàsì rẹ̀ sójú, ó tẹ fóònù tirẹ̀. Ohùn obìnrin ló dáhùn, kò sì fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

“Ẹ má rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu! Epo pupa o, mílíìkì o, ẹ má ṣe é. Ẹ má sì fipá mú un bì, epo náà lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi àkísà gbígbẹ nu ún, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́ àti omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ẹ́ títí epo náà á fi lọ. Ẹ má jẹ́ kó lá ara rẹ̀ mọ́. Mo wà ní Ìtẹ̀lé, kò jìnnà. Mò ń bọ̀.”

Omi. Iná kò sí láti àná, ẹ̀rọ kò fa omi sókè, táǹkì gbẹ. Mo ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi, ó mí bí arúgbó. Nígbà tí mo yíjú padà, Baba Ràfíù ti ṣí ìdérí rọ́bà búlúù rẹ̀.

“Baba, omi àlùwàlá yín nìyẹn.”

“Ṣé mo bi ọ́ ni? Oòrùn ti pa á, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó o fọ ajá.”

Ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó di ẹ̀wù rẹ̀ mọ́dìí, ó ń fi bùtà rẹ̀ da omi láti òkè, èmi ń fọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò kan ajá, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró. Omi dúdú ń ṣàn lọ sábẹ́ géètì. Mo fọ etí, mo fọ abẹ́, mo fọ àárín ọmọ ìka. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo fi ọṣẹ sí i. Rọ́bà náà gbẹ dé ìdí.

“Láádá wà nínú fífún ẹranko lómi,” ló wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó wá gbójú sí mi. “Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa pọn òmíràn.”

Mo fi aṣọ òjò mi wé ajá náà, mo di orí rẹ̀ mú mọ́ itan mi. Dókítà kò tíì dé. Èémí rẹ̀ ń lọ sókè-sódò, kúkúrú-kúkúrú. Ìgbà náà ni mo pe bàbá mi.

“Bàbá, ajá kan ń kú lọ sí mi lọ́wọ́.”

“Kí ló jẹ?”

“Epo dúdú tí mo fi pa á lára ló lá. Oògùn kúrùnà yín yẹn.”

Ó ní kí n tún un sọ.

“Oògùn ta?”

“Tiyín, Bàbá.”

“Èmi? Ìgbà wo ni mo ní ẹ́ńjìnnì? Ọmọ yìí, ọdẹ tí ara ajá rẹ̀ bá ń rùn fún epo, ẹran wo ló máa dúró dè é nínú igbó?”

Ọ̀rọ̀ náà rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé á fi mọ̀ ọ́n. Ní àjò, ènìyàn máa ń gbé ilé rẹ̀ ga kí wọ́n má baà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Èmi ti gbé e ga títí mo fi ki ohun tí kò sí níbẹ̀ bọ̀ ọ́. Ohun tí mo rí lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Ṣàngó, mo wọ̀ ọ́ láṣọ bàbá mi.

Dókítà náà dé. Ọmọbìnrin kékeré ni, mo lè bí i. Ó tẹ́tí sí àyà ajá, ó ṣí ẹnu rẹ̀ wò, ó gún un lábẹ́rẹ́, ó fa omi sí i lẹ́sẹ̀.

“Kí lorúkọ rẹ̀?”

“Tèmiyémi.”

Ó wo ajá, ó wo ọwọ́ mi tó dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Baba Ràfíù ló húkọ́.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni dókítà wí, “kòkòrò tín-ín-rín tí ojú kò lè rí ló ń gbẹ́ ilé sínú awọ rẹ̀. Oògùn rẹ̀ wà, ó ń gbé e mì ni. Epo yẹn ń jó awọ, ó sì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Àpò tó ń sùn lé yẹn, ẹ sun ún. Bó bá di ọ̀la, tó bá mu omi fúnra rẹ̀, á yè. Bí kò bá mu ún, ẹ pè mí.”

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, láti àárọ̀, mo jókòó ti ike omi. Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń wo omi náà, kò mu. Ilé-iṣẹ́ dákẹ́, àfi ìró tírélà lójú títì. Oòrùn ti ń yẹ̀ nígbà tó na ọrùn rẹ̀, tó tọ́ omi náà wò, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lá a. Mo sọkún. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo sọ ọ́ fúnra mi.

Màdáàmù dé ní Mọ́ńdè kí àwọn àlejò tó dé. Ó rí ajá tó dùbúlẹ̀ nínú aṣọ òjò.

“Ta ló fi epo pa ajá yìí lára?”

Mẹkáníìkì jẹnẹrétọ̀ ti lọ sílùú rẹ̀. Ó rọrùn láti dárúkọ rẹ̀. Baba Ràfíù ń wo òkè bí ẹni ń wá oṣù.

“Èmi ni, mà.”

“Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ mọ ajá?”

“Mo mọ ajá, mà. Mi ò mọ oògùn.”

“Ká ní ẹ purọ́ fún mi ni, ẹ̀ bá kúrò níbí lónìí. Dókítà ti pè mí látàná. Á máa wá, ohun tó bá wí ni kí ẹ ṣe. Ẹ gbé ajá náà sẹ́yìn ilé ìṣọ́ kó sinmi.”

Iṣẹ́ mi kò bọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo na ọwọ́ láti gbé e, ajá náà lẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fà sẹ́yìn, ó gbóòórùn ìka mi, ó sì sá pamọ́ sẹ́yìn àgbá. Mo fọ ọwọ́ mi, mo fi òróńbò fọ̀ ọ́, mo fi yanrìn fọ̀ ọ́. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ń kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, tí mò ń bẹ̀rẹ̀, tí mo dákẹ́, bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kò sí ìtìjú tó le tó kí ajá máa bẹ̀rù ọwọ́ ọmọ ọdẹ. Ní ọjọ́ keje, mo ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí nǹkan tútù kan kàn mí léjìká. Mi ò yíjú. Mo jẹ́ kí imú rẹ̀ wà níbẹ̀.

Irun rẹ̀ ti hù padà báyìí. Ìyàwó mi ti mọ̀ pé ajá kan ni mo jẹ́ ọ̀gá lé lórí, kódà ó ti rí fọ́tò rẹ̀. Ó ní ajá náà sanra jù mí lọ.

Bàbá mi pè ní ìjẹta. Kò tilẹ̀ kí mi tán.

“Ajá yẹn ńkọ́?”

“Ó wà, Bàbá.” Tírélà kan fọn fèrè lẹ́nu géètì, Tèmiyémi sì dá a lóhùn, ó gbó tí àgbá òfìfo ń hó.

“Mo gbọ́ ọ,” ni bàbá mi wí. “Ajá tó bá gbó báyẹn, ó mọ ilé rẹ̀. Ìwọ ńkọ́?”

Mo gbójú sókè. Rọ́bà méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìṣọ́ báyìí. Baba Ràfíù ló ra ìkejì, ó sì fi ẹfun kọ AJÁ sí i lára. Ó dúró tì í, ó gbé bùtà lọ́wọ́, ó ń fi ojú wá mi kiri.

“Àgànyìn! Àgànyìn o! Wá bu omi fún ajá rẹ!”

“Bàbá, wọ́n ń pè mí,” ni mo wí. “Ẹ jẹ́ kí n lọ dá wọn lóhùn.”